Ibà àti Fòníkú-fọ̀ladìde



Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣán igbó dá oko, omi adágún pọ̀, ẹ̀fọn gbilẹ̀, ibà sì ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gba irú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní S lọ́dọ̀ òbí kan, tí ó sì gba A lọ́dọ̀ èkejì, ibà kì í sábà rí i pa. Irú wọn ni ó dàgbà, tí ó bímọ. Ní ọdún 1954 ni onímọ̀ ìṣègùn A. C. Allison fi èyí hàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, bí ẹni 1 nínú 4 ní Nàìjíríà ni ó ní AS.

Ṣùgbọ́n ààbò yìí ní owó orí. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a há sínú iṣan, egungun a máa ro ó. Ibà pàápàá a tètè pa á. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni a ti pè ní àbíkú, tí a sì fi abẹ sàmì sí òkú wọn.

Àwọn baba wa kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí ìdílé. Ẹ jẹ́ kí a fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un, kí alárinà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. AS kì í ṣe ẹ̀gbin. Ogún àwọn tí ó ṣẹ́gun ibà ni.