ÌṢIRÒ OWÓ NÍNÚ ÀṢÀ WA
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ ilé àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Jikwoyi

 

Wọ́n ní kí àwa akápò sọ̀rọ̀ lórí àṣà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé kí ni ìṣirò owó ní í ṣe pẹ̀lú àṣà? Ó ní í ṣe púpọ̀. Nígbà tí à ń ná owó ẹyọ, 40 ẹyọ ni okùn kan, 50 okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àpò gan-an ni ọ̀kẹ́. Ara àpò owó ni a ti mú orúkọ iye. Adolphus Mann, àlùfáà ará Jámánì tí ó ti gbé Ìjàyè rí, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí àwọn tí ń kàwó ṣe ń da àpò sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wọ́ ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Kò sí kálámù, síbẹ̀ ìṣirò ń lọ.

Ẹ tún wo èésú. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ní àkókò kan, níbì kan, lábẹ́ olórí kan. Ẹ kíyè sí “níbì kan” yẹn: ojú gbogbo ènìyàn ni ìwé ẹ̀rí. Àwọn ará wa gbé e ré kọjá òkun. “Susu” ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa alájọ Ṣómólú tí orí rẹ̀ pé. Àwa akápò yín kò ní irú orí bẹ́ẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Nínú àwọn tí ń kọ ọ́ ní ìlànà òyìnbó, Olóyè Akíntọ́lá Williams (1919–2023) ni aṣáájú. Ní 1949 ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè “chartered accountant”. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN ní 1965. Ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ olórin MUSON sílẹ̀ ní 1983, àwọn tí gbọ̀ngàn wọn wà ní Oníkàn. Lójú tiwa, ohùn dídùn nìkan kò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró.

Ó wá kan tiwa. A mọ̀ pé àwọn kan jókòó síbí tí ọwọ́ wọn kò tíì jáde lápò, nítorí wọ́n ti dáwó ilé àpéjọ rí ní ìlú mìíràn, wọn kò rí ilé, wọn kò sì gbọ́ iye. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí sí Jikwoyi níhìn-ín, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ilé yìí ni wọn yóò ti máa kọ́ èdè àti ìlù. Bí owó rẹ̀ bá sọnù, ta ni yóò tún dá wa lóhùn bí a bá pè é?

Nítorí náà, a ó ka orúkọ àti iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan dá kí a tó túká lónìí. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé báǹkì. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa ka ìṣirò sí etí ìpàdé, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ pàápàá lè wá gbọ́. Tábìlì wa wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, ìwé rìsíìtì sì wà lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba tiyín.