Ẹ Lọ Kí Wọn Nílé

Láti Egan, ní Alímòṣọ́, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Láyé àtijọ́, lápá Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn, kí ìyàwó tó lọ sílé ọkọ, á kọ́kọ́ lọ dágbére káàkiri ilé àwọn ẹbí rẹ̀. Á máa sun ẹkún ìyàwó, wọ́n á máa súre fún un. Lónìí, Sátidé kan ṣoṣo la fi ń parí gbogbo rẹ̀ nínú gbọ̀ngán. Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, orí fóònù ló ti ń wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Tọkọtaya tuntun, ẹ fi owó Dubai sílẹ̀ ná. Láti ọdún 2021 ni rélùwéè ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ní Agége, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Mọ́níyà. (Ká tó dé Agége láti Egan níbí, ìyẹn tó ìrìn àjò lọ́tọ̀!) Àwọn tí ò lè wá síbi ìgbéyàwó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí wọ́n má bàa yáwó ra adìẹ nítorí yín.

Ẹ sì rántí pé ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ, títí kan ọmọdé tó bá nílé. Á wá orúkọ fún wọn: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Òpéléńgẹ́. Ẹni téèyàn bá jókòó tì, tó rí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ló ṣeé fún nírú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ariwo gbọ̀ngán ò gbà á.