Oníbàárà Tí A Kò Rí Ojú Rẹ̀
Láti ọdún 2014 tí Jiji ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, títa àlòkù kò nílò ìsọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí a kò rí ojú rẹ̀ ṣòro í bá lò. Bí ó bá ná ọjà ní ìdajì iye rẹ̀, ẹ má bú u. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ tètè sọ àbùkù ọjà yín, kí ó má baà rí wí. Èyí tí ó léwu jù ni ẹni tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú hàn pé òun ti sanwó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó. Ẹ wo àpamọ́ yín ní báńkì kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ní òun ń kánjú, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.