Ẹ̀rí Inú Irin: Ohun Tí Àwọn Olùkójọ Ń Wá Lára Ìbọn Arọ̀jò-ọta Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìbọn arọ̀jò-ọta kékeré, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé dání, tó ń lo ọta ìbọn ìléwọ́, tó sì ń yìn léraléra títí ìka yóò fi kúrò níbi tí a ti ń fà á. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn èèyàn ń ná owó ńlá lórí irú rẹ̀ tó ti lo ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ gbà pé agbára láti pa ènìyàn ló ń fà wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni olùkójọ ń rà: ẹ̀rí ohun tí àwọn kan rò, ohun tí ìjọba kan bẹ̀rù, àti ohun tí ogun fi ojú àwọn ilé iṣẹ́ rí.

Inú yàrà ogun ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìbọn gígùn kò ṣeé yí síbí yí sọ́hùn-ún nínú yàrà tóóró, ìbọn arọ̀jò-ọta ńlá sì wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè gbé sáré. Ní 1918, àwọn ará Jámánì gbé MP18 tí Hugo Schmeisser ṣe nílé iṣẹ́ Bergmann lọ sójú ogun. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gágun John T. Thompson ti dá ilé iṣẹ́ Auto-Ordnance sílẹ̀ ní 1916, ó ń wá ìbọn tí ọmọ ogun yóò fi gbá yàrà ọ̀tá mọ́. Ogun parí kí tirẹ̀ tó débẹ̀. Ní 1921 àti 1922, ilé iṣẹ́ Colt ṣe 15,000 fún un. Iṣẹ́ àwọn tó mọṣẹ́ ni: wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ láti ara odidi irin, wọ́n dán igi ìdí rẹ̀, wọ́n sì pa irin rẹ̀ láró títí ó fi dú. Owó rẹ̀ tó $200, nígbà tí èèyàn ń rí mọ́tò Ford Model T rà ní ohun tí kò tó $400. Iléeṣẹ́ ológun kò rà á bí Thompson ti rò. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọn kò tíì ta 15,000 yẹn tán.

Àwọn ọ̀daràn ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 1929, ní Chicago, wọ́n to ọkùnrin méje sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì fi ìbọn Thompson pa wọ́n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1934, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n kọ gbogbo ìbọn arọ̀jò-ọta sínú ìwé ìjọba, kí wọ́n sì san owó orí $200 nígbàkígbà tí ọ̀kan bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Iye yẹn tó owó ìbọn náà fúnra rẹ̀. Òfin kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù kò lè sún mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe nǹkan mìíràn tí àwọn tó ṣe é kò rò: ó fún ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ń bá nọ́ńbà ara rẹ̀ rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ogun kejì ló wá fi ohun tí irin lè sọ hàn wá jù. Thompson kan ń ná ìjọba Amẹ́ríkà ní $209 ní 1939. Kí ogun tó parí, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí $45. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? John Blish, ọ̀gá kan nínú ológun ojú omi, ti gbà gbọ́ pé irin oríṣi méjì máa ń lẹ̀ mọ́ra bí agbára ńlá bá tì wọ́n, Thompson sì fi idẹ kan tó rí bíi lẹ́tà H sínú ìbọn rẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ yẹn. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé, ní 1942, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Savage, tó ń ṣe Thompson nígbà ogun, yọ idẹ náà dànù. Ìbọn ṣì ń yìn dáadáa. Ẹni tó bá tú ti 1921 àti ti 1942 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń fojú rí àṣìṣe èrò kan tó lo ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó já a. Kò sí ìwé ìtàn tó lè fi í hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ní Bìrìtìkó, ìṣòro bí wọ́n ṣe máa rí ìbọn púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun wọn sá kúrò ní Dunkirk ní 1940, wọ́n sì fi ohun ìjà rẹpẹtẹ sílẹ̀. Reginald Shepherd àti Harold Turpin wá gbé Sten jáde ní Enfield: páìpù kan, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀, sípíríǹgì kan. Iye tí wọ́n ṣe tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ Lines Brothers, tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tẹ irin pẹlẹbẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Jámánì túúbá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà Sten. Ìbọn tó burẹ́wà ni, àwọn ọmọ ogun sì máa ń ráhùn sí i. Síbẹ̀ mo kà á sí èyí tó níye lórí jù fún òpìtàn, torí pé ìdààmú orílẹ̀-èdè kan wà lójú gbogbo oríkèé rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀wọ́n lásán ló ń gbé owó wọn ga. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 1986, ìwé ìjọba Amẹ́ríkà kò gba ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun fún aráàlú mọ́. Iye tó wà nílẹ̀ kò lè pọ̀ sí i, owó sì fò sókè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀wọ́n nìkan ni, àwọn ìbọn tó wà nínú ìwé kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, ìbá sún mọ́ra lówó. Ẹ wo MAC-10 tí Gordon Ingram ṣe. Ó ń yìn ju ẹgbẹ̀rún ọta lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó yára ju Thompson lọ, ó sì kéré jù ú lọ. Bó bá jẹ́ agbára ìyìnbọn ni wọ́n ń rà, òun ni ìbá wọ́n jù. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn tó dínwó jù ní gbàǹjo, nígbà tí Thompson tí Colt ṣe ń gba ìlọ́po owó rẹ̀. Òfin ló gbé gbogbo wọn kúrò nílẹ̀. Ìtàn ló fi ọ̀kan ga ju èkejì.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà ní Bìrìtìkó, níbi tí aráàlú kò ti lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìbọn yìí láti àwọn ọdún 1930. Ohun tí àwọn olùkójọ ń rà níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti dí ọ̀pá rẹ̀, tí ilé ìyẹ̀wò ìbọn sì ti fún ní ìwé pé kò lè yìn mọ́ láé. Wọ́n ń rà á, owó tí wọ́n sì ń san kò kéré. Láti 2016, òfin tuntun ní kí wọ́n jó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ti wà ṣáájú ìgbà náà, tí irin inú wọn ṣì ń rìn, ni àwọn olùkójọ fẹ́ràn jù. Kò sí èyí tó lè yìn nínú méjèèjì. Ohun tí olùkójọ ń wá ni pé kí òun lè tú u, kí òun sì rí bí ẹni tó ṣe é ti ronú.

Àtakò tó wúwo jù kò ní í ṣe pẹ̀lú owó. Àwọn kan ní fífi irú nǹkan báyìí ṣẹ̀ṣọ́ jẹ́ fífi ikú ṣeré, àti pé ìbọn tí wọ́n ti dí lè padà yìn. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ìbọn ológun tí wọ́n ti sọ di aláriwo lásán, tí àwọn kan sì tún padà ṣe, wà lára ohun tí wọ́n fi pa ènìyàn ní Paris ní oṣù kìíní 2015, ìdí sì nìyẹn tí òfin fi le sí i. Mo fara mọ́ líle òfin yẹn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn arọ̀jò-ọta mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní, n kò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kí wọ́n tú u nígbà tí ajínigbé ṣì ń dá àwọn èèyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ ohun kan yàtọ̀ sí yíyọ́ ọ nínú iná. Ní oṣù kejìlá 1929, ọlọ́pàá rí ìbọn Thompson méjì nílé ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Fred Burke ní Michigan. Calvin Goddard, onímọ̀ ìwádìí ìbọn, yìn wọ́n, ó fi ọta wọn wé ti Chicago, ó sì fi hàn pé àwọn ìbọn náà ni wọ́n fi pa ọkùnrin méje yẹn. Ìbọn méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì sheriff Berrien County. Bí wọ́n bá ti yọ́ wọn, ẹ̀rí àwọn òkú náà ni wọn ìbá yọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn tó ń tún ohun àtijọ́ ṣe pé kí wọ́n yéé sọ ìbọn àtijọ́ di tuntun. Lára àwọn Thompson kan tí kò tà, wọ́n tẹ nọ́ńbà 8 lé orí 1 tó gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n sọ oríṣi 1921 di oríṣi 1928. Ẹni tó bá dán ibẹ̀ ti pa ìtàn ọjà tó kùtà rẹ́. Bákan náà, ní Warsaw nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, Wacław Zawrotny àti Seweryn Wielanier gbé ìbọn Błyskawica kalẹ̀ fún àwọn tó ń jà ní ìkọ̀kọ̀. Nǹkan bí 700 ni wọ́n ṣe, síkúrúù ni wọ́n sì fi so ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ kí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lè ṣe é láìsí pé wọ́n ń jó irin. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó kù bá dé iwájú yín, ẹ fi ojú fáìlì tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má pààrọ̀ síkúrúù rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọwọ́ tí ẹ ti gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sínú gíláàsì.