Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Fúlúù àti Àwọn Aláìlágbára Inú Jamáà

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Òsì, Ìlọ́fà àti agbègbè wọn, ìpínlẹ̀ Kwara

  

Ní Òsì, ní Ìlọ́fà àti jákèjádò ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí àgbàlagbà bá ń húkọ́, ohun tí ará ilé máa ń wí ni pé, "Ọ̀fìnkìn lásán ni." Wọn a se àgbo, wọn a fi òrí pa á láyà, ó parí. Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀fìnkìn lásán ni. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó jọ ọ̀fìnkìn tí kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní influenza, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní fúlúù. Ọ̀fìnkìn a máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Fúlúù a máa dé lójijì pẹ̀lú ibà, orí fífọ́, ara ríro bí ara ẹni tí a nà, àti àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dìde dúró kírun. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn tí kì í bọ́ bọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: arúgbó, aláboyún, ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, àrùn ọkàn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde. Lára irú wọn, àrùn náà a máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn tí ó tó 290,000 sí 650,000 ni ó ń ti ipa bẹ́ẹ̀ kú lọ́dọọdún káàkiri ayé. Bí arúgbó bá sì kú báyìí ní ilé wa, a ó ní ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí ó pa á.

Àrùn yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù September 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, òun ti àwọn aláìsàn nínú rẹ̀. Àrùn náà gba ojú irin àti ọ̀nà ọjà wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn òpìtàn ṣírò pé ó pa nǹkan bí 500,000 nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ènìyàn tí ń gbé Nàìjíríà nígbà náà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan kóra jọ sínú ẹgbẹ́ àdúrà, wọ́n sì kọ oògùn sílẹ̀. Lára ìṣàn yẹn ni ìjọ tí Joseph Ayo Babalola, ọmọ bíbí Odò-Ọ̀wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, di aṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn náà ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe láti fi ẹlẹ́sìn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ ni a fi mẹ́nu kàn án. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo: ní 1918, kò sí oògùn tí òyìnbó pàápàá ní fún fúlúù. Ọdún 1933 ni a tó rí kòkòrò tí ń fà á lára ènìyàn, ọdún 1945 ni Amẹ́ríkà sì tó fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ará ìlú. Ẹni tí ó kọ oògùn fúlúù nígbà náà kò pàdánù púpọ̀. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn Mùsùlùmí kan náà ń kọ̀ ọ́, kádàrá ni wọ́n sì ń fi ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Lárúbáwá oko bi Ànábì (S.A.W.) léèrè nípa ìtọ́jú, ó pàṣẹ fún wọn kí wọ́n wá oògùn. Nígbà tí Umar (R.A.) ń lọ sí ilẹ̀ Shám, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Abu Ubayda bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Umar sì fi yé e pé bí darandaran bá kó ràkúnmí rẹ̀ kúrò ní ibi gbígbẹ lọ sí ibi tí koríko tútù wà, inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ni ó wà. Ta ni ó tún mọ kádàrá ju àwọn méjì yìí lọ?

Nínú abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí apá, òkú kòkòrò náà tàbí ègé ara rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, kí ara lè dá ọ̀tá mọ̀ kí ó tó dé. Òkú kò lè fa fúlúù sí ènìyàn lára. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ràn. Nítorí náà ẹni tí fúlúù mú ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ibòmíràn ni ó ti kó o. Nítorí pé fúlúù a máa pààrọ̀ aṣọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní February àti September, ni àwọn onímọ̀ ń pàdé láti yan irú tí wọn yóò fi ṣe abẹ́rẹ́ tuntun, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń gbà á lọ́dọọdún. Kò dá gbogbo àrùn dúró o. Ní ọdún tí ó bá bá kòkòrò náà mu dáadáa, ó ń dín àìsàn náà kù ní nǹkan bí 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláboyún tí ó gbà á ń gbà á fún ẹni méjì, nítorí ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 6 kò lè gba tirẹ̀.

Ní ti ìpalára, apá lè dun ènìyàn, ara sì lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kò yẹ kí a fi èyí tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ní 1976, Amẹ́ríkà gún nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ènìyàn ní abẹ́rẹ́ fúlúù ẹlẹ́dẹ̀. Àìsàn iṣan tí ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di aláìlágbára sì mú nǹkan bí ẹnì kan lé nínú 100,000. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó dá a dúró. Ti òde òní, bí ó bá tilẹ̀ wáyé, kò ju ẹnì kan tàbí méjì lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹni tí abẹ́rẹ́ náà ti ṣe ní jàǹbá rí kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè ẹlẹ́dẹ̀ ni ó gbóná jù láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n bèèrè. Oògùn fúlúù kan wà tí a ń fín sí imú ọmọdé, èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jẹlatíìnì ara ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ ẹ lè béèrè abẹ́rẹ́ apá tí kò ní in. Ní 1995, àwọn onímọ̀ fíkíhù àti dókítà Mùsùlùmí tí wọ́n pàdé ní Kuwait gbà pé ohun tí ó ti yí padà kúrò ní ìṣẹ̀dá rẹ̀ kì í ṣe nàjísì mọ́. Àwọn àlùfáà mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ apá ni àgbàlagbà ń gbà, nítorí náà àríyànjiyàn yìí kò kan baba arúgbó Òsì.

Ìfura tí ó ti ìlú Kano wá ni ó kù. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọdé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò. Ọmọ 11 kú nínú nǹkan bí 200 tí ó wà nínú ìdánwò náà, márùn-ún nínú wọn ni ó gba Trovan. Àwọn òbí fi ẹ̀sùn kàn pé a kò gba ìyọ̀ǹda wọn, ní 2009 sì ni ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ìbínú wọn tọ́. Ṣùgbọ́n Trovan kì í ṣe àjẹsára. Oògùn ìwòsàn ni. Nígbà tí ìfura náà mú kí Kano dá àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró láti 2003 títí di July 2004, àrùn náà ti Nàìjíríà rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ mìíràn, títí kan Mọ́káà. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sọ di arọ. Èyí tí wọ́n padà gbà, Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí, ni wọ́n ti ṣe é.

Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ fúlúù kò sí nínú ètò àjẹsára ọ̀fẹ́ ti ìjọba. Owó ni a fi ń rà á ní ilé ìwòsàn aládàáni ní ìlú ńlá, inú tútù tí kò ju 8 tí kò sì dín ní 2 lórí òṣùwọ̀n ni ó sì gbọdọ̀ wà. Pẹ̀lú iná mọ̀nàmọ́ná wa yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọdọ̀ bèèrè bí wọ́n ti ṣe pa á mọ́. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ilé, àwọn aláìlágbára tí a kà lókè ni kí a kọ́kọ́ san án fún. Alájì tí ń lọ sí Mọ́káà wà níwájú wọn pàápàá: abẹ́rẹ́ yírùnyírùn ni Saudi Arabia sọ di dandan, ti fúlúù ni wọ́n gbà á nímọ̀ràn, kí ó gbà á ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò.

Àjẹsára tí ń dènà ọ̀kan nínú àwọn àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ń tẹ̀lé fúlúù wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ ọwọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé. Ẹni tí fúlúù bá mú, kí ó kírun nílé. Àìsàn jẹ́ àwáwí fún Jímọ̀. Bí arúgbó inú ràtíbì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, tí àyà ń dùn ún tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò yéni, kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni kí wọ́n wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.