Nọ́ọ̀sì àti Ìrora Ẹni tí Ń Kú Lọ

 

Àwọn baba wa ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ aláìsàn kan kò bá gbóògùn mọ́, ìrora rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àrùn sì ni ìrora. Ẹni tí yóò wò ó lóru kì í sábà jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó báyìí. Agogo méjì òru ti lù. Dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún bàbá kan ní mọ́fíìnì nígbàkúùgbà tí ìrora bá dé. Bàbá ń kérora, èémí rẹ̀ sì ti ń falẹ̀. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé mọ́fíìnì tí ó bá pọ̀ jù lè dá èémí dúró. Bí ó bá gún abẹ́rẹ́ náà, tí bàbá sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni wọn yóò tọ́ka sí? Bí kò bá gún un ńkọ́? Àwọn kan rò pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kò ní ẹjọ́ láti jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oògùn tí a dá dúró, àwa ni a dá a dúró.

Ní 1957, níbi ẹjọ́ dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Adájọ́ Devlin là á kalẹ̀ pé dókítà lè ṣe gbogbo ohun tí ó tọ́ láti mú ìrora rọlẹ̀, bí ìyẹn bá tilẹ̀ tipa bẹ́ẹ̀ gé ẹ̀mí aláìsàn kúrú. Kò sọ pé kí ó pa á o. Ẹni tí ń wá ìrọ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, á ka èémí, á wò ó bí ara bá ti gbà á, kí ó tó fi kún un. Ẹni tí ń wá ikú kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀sán ni a ti ń dá wàhálà òru yẹn sílẹ̀. Cicely Saunders, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ni ó dá St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967 fún ìtọ́jú irú àwọn aláìsàn báyìí. Ó kọ́ni pé kí a má ṣe dúró de ìrora: kí a máa fún aláìsàn ní oògùn ní àkókò tí a yàn, kí ti ìṣáájú tó tán lára rẹ̀. Ti pé ó lè di bárakú, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀, kí ni bárakú fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó le jù. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún bàbá lóògùn oorun, ẹ jẹ́ kí àrẹ̀mọ wọn dé kí wọ́n lè súre fún un." Ohun ńlá ni ìre baba. Ṣùgbọ́n bàbá ni ó yẹ kí a bi, nígbà tí ó ṣì lè fèsì. Bí ó bá ní òun yóò fara dà á de ọmọ òun, kí a gbọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ kò lè bá a gba ìfaradà náà lẹ́nu.

Ní Uganda, láti 2004, òfin ti fún nọ́ọ̀sì tí ó bá gba ẹ̀kọ́ àkànṣe láṣẹ láti kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí dókítà tí ó jókòó tì mí yìí yóò sọ sí i.