Ọ̀rá Aláwọ̀ Oyin Inú Fóònù

Nítorí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ títún rédíò àti fóònù ṣe ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí.

Bí a bá tú fóònù, a ó rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Polyimide ni orúkọ rẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Kapton, tí ilé-iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà gbé jáde láàárín ọdún 1960 sí 1969. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, 25 péré nínú rẹ̀ ni ìnípọn èyí tí ó wọ́pọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá wà ní tútù, tí kò sì lábùkù, ó lè dènà iná mànàmáná tí ó ju 5,000 volt lọ. Iná ilé wa kò ju 230 tàbí 240 lọ.

Kí ni àṣírí rẹ̀? Nínú wáyà bàbà, àwọn ẹlẹ́kítíróònù ń rìn kiri bí èrò ọjà. Nínú ọ̀rá yìí, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ni wọ́n rí. Okùn wọn gùn díẹ̀ ṣá: wọ́n lè fò láti apá kan ẹ̀wọ̀n náà dé apá kejì, bí wọ́n sì ti ń fò ni wọ́n ń gbé apá aláwọ̀ ojú ọ̀run mì nínú ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ojú wa ń rí bí oyin. Àwọn onímọ̀ fi fluorine sí i, okùn náà kúrú, ọ̀rá náà sì mọ́ gaara. Irú rẹ̀ ni Samsung lò dípò gíláàsì lójú Galaxy Fold ní ọdún 2019. Àwọn kan tilẹ̀ bó ọ̀rá ojú fóònù náà dànù, wọ́n ṣebí ti ìdìpọ̀ ọjà ni. Fóònù sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Òjé tí a fi ń jó wáyà pọ̀ máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 183. Polyimide kò mira. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí a fi ń di iyọ̀ lọ́jà ti yọ́ kí ooru tó dé 130. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fi í dípò ojúlówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì fóònù ti pe iná wá sínú àpò oníbàárà rẹ̀.

Polyimide náà ní àléébù tirẹ̀: ó máa ń fa omi. Lára wáyà ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀rinrin mú kí ó sán. Bí iná bá ta níbẹ̀, ó ń di èédú, èédú sì ń gbé iná kiri. Nítorí náà, fóònù tí ó bá bọ́ sómi, kí a yọ bátìrì rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó tún iná sí i.

Ọ̀gá Alága, mo bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé nínú owó ọdún tí ń bọ̀, kí a ra ojúlówó téèpù polyimide àti mítà tí a fi ń wọn iná fún àwọn ọ̀gá tí ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí láàárín ìlú.